Ọmọ Odó Kejì àti Àwọn Ońṣẹ́ Inú Ọpọlọ Bàbá Rẹ

Èrìjìyàn-Èkìtì,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi, Àsàkẹ́,

O kú iṣẹ́ o, o kú ìrọ́jú Ìbàdàn. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì náà ni o ṣì ń fi gbogbo ọjọ́ jẹ bí ẹni tí kò ní ìyá? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì tutù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí òjò rọ̀ lé e lórí tí kò tutù, tí ọyẹ́ mú un tí kò tutù, òun ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tìrẹ tutù láé. Ọ̀nà tí o bá rìn kò ní dí mọ́ ọ. Bí o bá bi wá pé báwo ni ilé, a wà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, òun ni mo fi jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná tí mò ń kọ̀wé lórí ìjókòó kékeré.

Má bínú pé n kò pè ọ́. Fóònù tí o rà fún mi wà dáadáa, mo fi aṣọ wé e sínú àpótí kí òtútù òjò yìí má baà wọ inú rẹ̀, alẹ́ ni mò ń yọ ọ́ jáde kí ó gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n fóònù náà lóhùn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ohun tí o bá ń sọ ní Ìbàdàn ni bàbá rẹ ń gbọ́ nínú yàrá, kò sì yẹ kó gbọ́ eléyìí. Ìyá Tóyìn ń bọ̀ wá tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Mókọ́lá, àárọ̀ ọ̀la ló ń gbéra, òun ni yóò gbé lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Fún un lómi mu.

Nílé, òjò ń rọ̀ dáadáa, kòkó yọ ọmọ, àmọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ́ ká gbádùn. Ewúrẹ́ wa tó funfun bí méjì, ó sì kọ ọ̀kan sílẹ̀, ìgò ni mo fi ń fún un lọ́mú. Beatrice, tí a jọ ń kọrin ní kọ́áyà, ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe ní Arámọkọ, ó ti kó padà sílé rẹ̀ tó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ní òun fẹ́ máa sùn di ọ̀sán. Àkùkọ bàbá rẹ kò gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ náà ni mo fẹ́ sọ. Kò jẹun. Ibà tó dá a dùbúlẹ̀ níjọ́sí ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á wò ó bó ṣe máa ń wo ìwé ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á ní kí n gbé e kúrò. Ṣòkòtò tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, okùn ló fi ń dì í báyìí. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ kò sì ní egbò, ṣùgbọ́n bí kò bá tíì máa jẹun di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, kí á gbé e lọ sí Adó, wọn yóò ti rọ́bà bọ imú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò máa da oúnjẹ gbà. Bàbá rẹ ní òun kò lọ síbì kankan, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, imú ni òun fi ń mí, ẹnu ni òun fi ń jẹun, òun kò ní dà á rú lọ́jọ́ ogbó. O mọ̀ ọ́n. Bó bá ti sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé báyẹn, ó parí. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. N kò ní pa á mọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi tó ọ létí, o fi ohùn ránṣẹ́ sórí wásáàpù, o ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní yunifásítì yín. Mo gbọ́ ọ títí bátìrì fi kú. O ní nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn ońṣẹ́ kéékèèké kan ń bẹ tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kúkúrú. O ní inú ọpọlọ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sín wọn, wọ́n á kó wọn pamọ́ di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rán wọn. Àwọn kan kì í lọ jìnnà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ wọn mọ. Àwọn kan á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á rìn títí dé ikùn, dé ọkàn, dé awọ ara. O ní wọn kì í yára bí àwọn ońṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé, iṣẹ́ wọn máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo ní hẹn-ẹn, àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Èkìtì nínú wọn.

O ní ti ìrora wà, tí ń gba mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn gòkè lọ sí orí, àti pé òmíràn wà lẹ́nu ibodè níbẹ̀ tó lè ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ti ebi wà nínú orí, ti àjẹyó wà nínú ìfun tí ń kígbe pé ó tó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé o ní ońṣẹ́ kan náà lè ṣe iṣẹ́ kan ní orí, kó tún ṣe òmíràn nínú ara. Bí Àlùfáà wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ń wàásù fún wa níhìn-ín láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, á lọ parí ìjà ilẹ̀ ní Èrìò, ẹ̀wù kan náà ló sì ń wọ̀.

Mo wá rò ó, mo ní àbí àwọn ońṣẹ́ bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì ni? Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n lè ní àwọn náà ti sìn tó. Mo bi Beatrice. Ó ní rárá o, wọ́n kàn da iṣẹ́ sílẹ̀ ni, pé bí àwọn tíṣà ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ìjọba kò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á wà níbi iṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí wọ̀ mí létí. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú tó kọjá, mo dìde, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún àwọn ońṣẹ́ inú ọpọlọ ọkọ mi. Àlùfáà ní kí n dárúkọ wọn. Èyí tí mo rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni ti ebi, tí ẹ ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè. Mo ka lẹ́tà náà jáde. Àlùfáà ní ohun tó bá ti jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta báyẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú ni, a kì í gbàdúrà fún ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ilé Ọlọ́run. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní Timothy, nítorí Timothy ni Pọ́ọ̀lù máa ń rán níṣẹ́. Wọ́n gbà. Gbogbo ìjọ bá figbe ta pé kí Timothy dìde, kí Timothy dìde, ni Timothy káfíńtà tó jókòó sẹ́yìn bá dìde, tó ń bi wá pé kí ni òun ṣe.

Lẹ́yìn àdúrà náà, bàbá rẹ kò jẹun síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé ni Ọlọ́run rán mi létí nǹkan kan. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ lọ́jọ́ kan, mo lọ sí oko kòkó wa lójú ọ̀nà Ìkọ̀gòsì. Ọmọ kan ké ní oko kejì. Kì í ṣe ìwọ, n kò tilẹ̀ rí ọmọ náà sójú, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, omi ọmú mi ti da, ó ti rẹ bùbá mi ṣin-ṣin lójú àwọn ọkùnrin tó ń la kòkó. Ojú tì mí, mo fi ìborùn bò ó. O wá sọ ọ́ nínú ohùn rẹ yẹn pé ońṣẹ́ kan ló ń ti orí sọ̀ kalẹ̀ wá tú omi ọmú sílẹ̀, pé òun kan náà ló ń so ọkàn ìyá mọ́ ọmọ. Mo dúró sójú ọ̀nà. Mo ní, ońṣẹ́ yẹn ní etí nìyẹn! Kò rí ọmọ, kò fọwọ́ kàn án, igbe ló gbọ́. Bí ti ọmú bá ní etí, Timothy náà ní etí.

Kí ni Timothy wá ń gbọ́ nínú ilé wa láti ọdún tó kọjá? Ẹ̀rọ ìgúnyán tí o rà fún mi ni. Má jẹ́ kí ó dùn ọ́, Àsàkẹ́, ẹ̀rọ náà dára, nítorí èjìká mi ni o ṣe rà á, kò sí ẹni tí kò tíì wá wò ó ní àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n vùùù ló ń ké. Láti kékeré ni Timothy ti mọ̀ pé bí odó bá ti ń dún, iyán ń bọ̀, kó lọ jí ikùn. Odó wá dákẹ́ lójijì, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní ilé ìdáná, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé oúnjẹ ni, tí kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ Beatrice?

Ǹjẹ́ o rántí bí ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí ní àdúgbò wa? Láti ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn Mojọlá títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, odó ni, odó ni, ilé kan kò ní dákẹ́ kí èkejì tó gbà á. Bàbá rẹ á ti ti ilé-ìwé dé, á jókòó sí fàràńdà, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, kò ní gbójú sókè, etí ló fi ń wo ilé ìdáná gbogbo ènìyàn. Á ní ti àwọn Mojọlá ti rọ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kó o, tiwa ṣì ní kókó. Bí a bá sì wò ó, òótọ́ ni. Ìwọ á dúró níwájú mi pẹ̀lú ọmọ odó rẹ kékeré tí a gbẹ́ fún ọ, bí mo bá gbé tèmi sókè, ìwọ á sọ tìrẹ kalẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀, ọwọ́ wa mọ ara wọn. Nígbà tó bá ku díẹ̀, ìwọ á wá na ẹnu odó kọ́, kọ́ kí o tó tún gún un. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Bàbá rẹ á pariwo láti fàràńdà pé odó kì í ṣe ìlù, ìwọ á rẹ́rìn-ín, ìwọ á tún nà án. Ọmọ mi, n kò mọ̀ nígbà náà pé ìgbádùn là ń jẹ yẹn. Èéfín ń ta mí lójú, òógùn bò mí, mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ní báyìí, mo lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ odó kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ti lọ tán. Àwọn àgbà tó kù ń ro ìyẹ̀fun inú ọ̀rá, wọ́n sì ń pè é ní iyán, ní Èkìtì níbí! Kí Ọlọ́run foríjì wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé odó jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fọ̀ ọ́, mo se iṣu, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ odó, mo kọ́kọ́ kí Timothy ní Èkìtì wa, mo ní uṣu ti jiná o, uyán ń bọ̀, nítorí n kò gbà pé ońṣẹ́ bàbá rẹ gbọ́ Yorùbá inú rédíò. Mo gún un ní èmi nìkan. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, iyán náà ní kókó bí òkúta wẹ́wẹ́, bàbá rẹ kò sì yí ojú padà láti ibi ògiri. Mo sunkún díẹ̀ ní ilé ìdáná, mo nu ojú mi. Mo tún gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù. Mo gbọ́ ibi tí o ti ní ońṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó bá a mu, pé bí ó bá kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn kò ní ṣí i. Ó wá yé mi pé ọmọ odó méjì ni ilẹ̀kùn Timothy mọ̀. Iṣẹ́ ààbọ̀ ni mo rán.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bẹ Beatrice. Ó ní ìka òun ti gbàgbé odó, ṣùgbọ́n ó wá, ó wé gèlè mọ́ ìdí bí ẹni tó ń lọ sójú ìjà. Nígbà tí iyán fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo na ẹnu odó. Kọ́, kọ́. Mo tún nà án. Mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ, ohùn tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí ibà ti dé, ohùn tó fi ń darí ilé-ìwé:

"Motúnráyọ̀, odó kì í ṣe ìlù!"

Mo dúró pẹ̀lú ọmọ odó lókè. Èjìká mi tó ti ń jó mí láti àárọ̀, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ó dá mi lójú pé ẹnu ibodè yẹn ni wọ́n ti ní kí ìrora padà. A gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀. Ó jáde, Motúnráyọ̀, ó ti wọ ẹ̀wù, ó ti fọwọ́ pa irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo èmi, ó wo Beatrice, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tún wo ojúde. Ó wá rọra sọ ọ́ bí ọmọdé:

"Ọmọ náà kò wá?"

Beatrice fa àga sún mọ́ ọn. Ó jókòó. Mo gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, ó sì jẹ òkèlè díẹ̀, bóyá nítorí ojú Beatrice tó jẹ́ àlejò, bóyá nítorí Timothy ti jí, n kò mọ̀. Mo kúnlẹ̀ sí ilé ìdáná, mo dúpẹ́.

Mo wá rò pé mo ti mọ ọ̀nà. Beatrice tún wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a gún un, mo na ẹnu odó títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Bàbá rẹ kò jáde. Nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n má tan òun mọ́, pé ọwọ́ ọmọ òun fúyẹ́ ju ti Beatrice lọ, òun mọ ọ̀nà tó ń gbà nà án. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ díẹ̀ ló ń mu, ìyẹn náà, tipátikúùkù ni. Mo dán an wò, ó jọ pé a kò lè fi ọgbọ́n mú àwọn ońṣẹ́ yìí. Ohun tí a kò bá rán wọn, wọn kì í jẹ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ nìyí, ọmọ mi. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi wọ mọ́tò. Wá ní Sátidé yìí, kí ọjọ́ Ajé tó dé, kí wọ́n tó gbé rọ́bà wá sí ọ̀rọ̀ imú bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ á ní iṣẹ́ pọ̀. Sọ fún un pé iṣẹ́ náà ni o ń bọ̀ wá ṣe, pé àwọn ońṣẹ́ tí ẹ ń wá kiri nínú orí eku ní Ìbàdàn, wọ́n wà nílé nínú orí bàbá rẹ, wọ́n ń ṣe àìgbọràn, ìwọ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Bí o bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta ìpara gbígbóná, ra ìgò kan fún èjìká mi, Beatrice ti gba tirẹ̀ padà. Ọmọ odó rẹ wà níbí. Mo yọ ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo ha á, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, awakọ̀ rẹ kò ní sùn, táyà kò ní fọ́. Bí a ṣe rán ọ níṣẹ́ sáyé, wàá jẹ́ ẹ délé. Bí mo ṣe fi ọmú wò ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tìrẹ náà yóò fi ojú rere wò ọ́. Ìwọ náà á ní ọmọ tí yóò máa na ẹnu odó fún ọ lágbàlagbà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Martha.

Mo tún ń kọ díẹ̀ sí i o. Bàbá rẹ ti ká mi mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná níbí. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí o fi rí àwọn ibi tó fa igi sí. Kò sọ nǹkan kan lórí Timothy. Ó kàn ní kí n kọ ọ́ sí i pé odó kì í ṣe ìlù. Ó ti ń lọ kó tó tún yíjú padà, ó bi mí bóyá iṣu gidi ṣì wà nílẹ̀ tí yóò tó ẹni mẹ́ta jẹ ní Sátidé.